Orí Kẹjọ: Kí Orin Tó Wọlé, Kó Kágò

"Ó tún kọ̀ ọ́, Mà."

Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àyẹ̀wò orin, ò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò fẹ́ kí àgbàlagbà rò pé òun ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ Ṣíjúadé kí ó lè kà á fúnra rẹ̀. Olùwọ̀n ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, nínú ọ́fíìsì tó kọjú sí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, kò sì sí fíìmù kan ní gbogbo ìlú orí òkè tó lè dé iwájú òǹwòran láì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, bíi pé àwọn arúgbó nìkan ló ń kàwé.

ÌRAN KỌKÀNLÉLÓGÓJÌ: IKÚ ÀGBÀ.
OHUN TÍ ÀTẸ BÉÈRÈ: AYỌ̀.
OHUN TÓ WÀ LỌ́KÀN ATORIN: ÌTURA.

"Ẹ̀gbà yìí ti gbó," ni Ṣíjúadé wí. Ó bọ́ ẹ̀gbà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ka ọkàn rẹ̀ fún Olùwọ̀n kúrò lọ́rùn ọwọ́, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ fún mi ní òmíràn."

"Ẹ̀kẹta nìyẹn, Mà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ohun kan náà. Ẹ má bínú, tótó ó ṣe bí òwe, kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́."

Tọ́míwá, ọmọbìnrin tó darí fíìmù náà, dìde lórí àga rẹ̀, ó tún jókòó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ọ̀la ni wọ́n sì máa gbé e síta níwájú gbogbo ìlú. Láti àárọ̀ ló ti ń jẹ èékánná ọwọ́ rẹ̀, kò wá ku nǹkan tó máa jẹ mọ́.

"Àǹtí Ṣíjú," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé ohun tí ẹ ń rò nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ ni kò jẹ́... Ṣé ẹ ò lè ro nǹkan mìíràn?"

"Kí ni kí n rò?"

"Nǹkan ayọ̀."

Ṣíjúadé wò ó bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò wá. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń to orin sí fíìmù. Òun ni atorin tí àwọn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń jókòó tì kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀ lórí dùùrù. Olùwọ̀n ò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí, ojú sì ń tì í níwájú ọmọ méjì tó lè bí.

"Òfin Àgò ò ní ìkà nínú, Mà," ni Jẹ́gẹ́dẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀ ló ń sọ, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ. "A kì í wọ ilé onílé láì kágò. Orin náà ò gbọdọ̀ wọ ọkàn ènìyàn láì kágò. Kí ìran tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbà á gbọ̀n lọ́wọ́ òǹwòran, á ní, 'Ìbànújẹ́ ń bọ̀,' tàbí, 'Ìbẹ̀rù ń bọ̀.' Ẹni tí kò bá fẹ́ á di etí rẹ̀. Ohun tí orin bá ṣe sí atorin la máa ń fi kágò fún àwọn yòókù. Èmi ò wá lè kágò ìtura sí ikú ìyá arúgbó. Ẹ mọ ìdí. Nígbà tí òkun gba etíkun..."

"Mo mọ̀ ọ́n, Jẹ́gẹ́dẹ́."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí òkun gba etíkun tí gbogbo ènìyàn ń sá gun òkè, àwọn kan fi ìyá àti bàbá wọn sílẹ̀ nínú ilé tí omi ń wọ̀. Nígbà tí adájọ́ bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn, òótọ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n ní ara tu àwọn. Ìyẹn ló bí Òfin Àgbà. Àwọn tó kọ ọ́ jókòó, wọ́n ní àwa Yorùbá, tí arúgbó bá kú, ṣé a kì í jó ni? Ṣé a kì í pa màlúù? Wọ́n wá kọ ọ́ sínú àtẹ Olùwọ̀n pé ikú ọ̀dọ́, ìbànújẹ́. Ikú àgbà, ayọ̀. Ohun tí à ń ṣe níta nítorí ojú ayé, wọ́n sọ ọ́ di ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ikùn gbogbo ènìyàn. Àwọn tó sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè wọ́n sí ìpàdé ọjọ́ náà.

"Kí la lè ṣe báyìí?" ni Tọ́míwá béèrè.

"Mà lè pààrọ̀ orin ìran náà kó tó di aago mẹ́rin. Tàbí kí olórí ẹbí wọn wá tẹ̀ka, kó jẹ́rìí pé ojú òun ló ṣe, pé ọwọ́ ìtọ́jú ni ìyá wọn kú sí. Tó bá ti tẹ̀ka, ìtura náà ti di ohun tí a lè kágò rẹ̀." Jẹ́gẹ́dẹ́ gbé ìwé méjì sórí tábìlì, ọ̀kan fún ẹlẹ́rìí, ọ̀kan fún atorin. "Tàbí kí Mà tẹ̀ka fúnra wọn. Orin á jáde bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àṣẹ atorin wọn parí lónìí nìyẹn, wọn ò tún ní to orin mọ́ láyé. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ Òfin Àgbà á sì ṣí ìwé ikú màmá wọn padà, láti wò ó bóyá wọ́n pa màmá náà tì ni."

"Ìyá inú fíìmù ló kú," ni Ṣíjúadé wí. "Ta ló dárúkọ ìyá tèmi?"

"Ẹ̀gbà ò mọ ìyá inú fíìmù, Mà. Ọkàn yín ló kà."

Ṣíjúadé ní kí wọ́n bá òun pe ẹ̀gbọ́n òun, olórí ẹbí wọn.

Ṣíjúadé kì í to orin fún ẹni tí ojú ń rí nínú àwòrán. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oṣèré bá ń sunkún tí orin náà tún ń sunkún, ó ní ńṣe ló dà bí ẹni tó pa àlọ́ tán tó tún ń ṣàlàyé ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń to orin fún: ọkọ tó ti jáde lọ, ọmọ tí kò tíì dé. Nínú ìran kọkànlélógójì, ọmọbìnrin kan ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹkún ti wà lójú oṣèré tán, orin ò ní iṣẹ́ kankan lórí ẹkún. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ìyá náà, àti gbogbo ọdún tí ọmọ fi tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, láti ìran kìíní ló ti fi ohùn dùùrù kan sísàlẹ̀ fíìmù náà, ohùn kan ṣoṣo tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀, tó rẹlẹ̀ débi pé etí ò kà á sí. Ó wà lábẹ́ ẹ̀rín, ó wà lábẹ́ ìjà, ó wà lábẹ́ oúnjẹ. Ìgbà tí èémí ìyá dúró, ohùn náà dúró. Ìgbà náà ni òǹwòran á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ti ń wúwo lọ́rùn òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi gun òkè bá ṣíwọ́ ni: kò sẹ́ni tó rántí pé ariwo wà, àfìgbà tó dákẹ́ tí èjìká gbogbo àdúgbò wálẹ̀. Ṣíjúadé rò pé iṣẹ́ òun lòun ń ṣe. Kò mọ̀ pé èjìká tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wálẹ̀.

Akínkúgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé ní nǹkan bí aago méjì, ọkọ̀ orí okùn ló gbé e gòkè. Ọkùnrin gìdìgbà ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí ìyá wọn fi ṣàìsàn, òkè Jọ́ọ̀sì ló wà níbi iṣẹ́. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ọdún, á yọjú lójú ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà síwájú ìyá, ìyá á rẹ́rìn-ín, òun á sì máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé orí ìyá òun ṣì pé pérépéré. Níbi ìsìnkú, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló jó jù. Ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ.

"Ṣíjú! Kí ló dé tí wọ́n ń pè mí bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó?"

"Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá mi." Ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ jókòó. Orin kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Jẹ́gẹ́dẹ́ so ẹ̀gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ẹni tó máa jẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Tọ́míwá bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà láti ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ikú, kí ohùn ìsàlẹ̀ náà lè ráyè wúwo. Nígbà tí ohùn náà dúró, Ṣíjúadé ń wo èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò mì rárá. Ojú rẹ̀ ló kún fún omi. Olùwọ̀n kọ ọ́ síta: ÌBÀNÚJẸ́. Kò sí nǹkan mìíràn tó dà pọ̀ mọ́ ọn.

"Orin yìí wọ egungun lọ," ni Akínkúgbé wí, ó ń wá áńkáṣíìfù. "Ìyá wa ni mo rí. Níbo ni kí n tẹ̀ka sí?"

Wọ́n gbé ìwé fún un. Ó kà á, ó dé ibi kan, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà.

"Ìtura? Ìtura ta ni?"

"Tèmi ni, Bùọ̀dá."

"Lórí ikú Ìyá?"

"Lórí ikú Ìyá."

Ohùn ńlá yẹn sọnù. Nígbà tó padà dé, ó ti kéré. "Kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé inú ọmọ ìyá mi dùn nígbà tí ìyá mi kú? Kí ẹ̀gbà wá gbọ̀n lọ́wọ́ gbogbo ìlú lọ́la? Ṣíjú, àwọn ẹbí wa láti Àládé ń bọ̀ wá wo fíìmù yìí o!"

"Mi ò sọ pé inú mi dùn."

"Kí ni ìtura nígbà náà?"

Ká ní Ṣíjúadé mọ bí a ṣe ń fẹnu sọ ọ́ ni, kì bá tí lo dùùrù.

"Pààrọ̀ ẹ̀," ni Akínkúgbé wí. Ó ti ń bẹ̀ ẹ́ báyìí. "Orin ṣáà ni. Ìwọ tó o lè fi fèrè mú òkúta sunkún. Pààrọ̀ ẹ̀, jẹ́ kí gbogbo wa lọ sílé ní àlàáfíà."

Tọ́míwá náà ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ṣíjúadé wo ojú náà, ó dìde, ó wọ yàrá kékeré tí dùùrù wà, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló lò. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Kò jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn dúró mọ́, ńṣe ló jẹ́ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ó fi gòjé gbé e, ó wá fi fèrè kọ orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ nígbà tó bá ń sá kòkó. Ó fi ohùn àwọn ọmọdé tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó pariwo. Ayọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ni, irú èyí tó máa ń bá ènìyàn nílé lójijì. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa fura.

Jẹ́gẹ́dẹ́ so ẹ̀gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìran náà yí. Olùwọ̀n tàn: AYỌ̀. ÌDÁ MẸ́SÀN-ÁN NÍNÚ MẸ́WÀÁ. A GBÀ Á.

Tọ́míwá lọgun, ó dì mọ́ ọn. Jẹ́gẹ́dẹ́ fẹ̀yìn ti àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Akínkúgbé ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ó ní. "Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n sùn, wọ́n lọ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ṣíjú?"

Ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Nígbà tí fèrè wọlé, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i, tó fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó rí i kedere, àní ó rí oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin gbáko ni ìyá rẹ̀ ò fi mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ kó tó kú. Ṣíbí kan wà tó yẹ kó wà nínú ìrántí náà. Ó wá a, kò rí i. Ó tún wá a, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun fi í sí. Orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ti wọlé tọ̀ ọ́, ó sì ti ń kó ẹrù ilé síta. Ṣíjúadé jókòó, ó pa ojú dé, kò sì là á títí ṣíbí náà fi padà wá.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, Bùọ̀dá."

"Kí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Mi ò sọ eléyìí fún ẹnikẹ́ni rí." Jẹ́gẹ́dẹ́ fẹ́ dìde kúrò fún wọn, ó ní kó jókòó. "Olè ni Ìyá ń pè mí. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, wọ́n á di àpò wọn mú, wọ́n á ní, 'Olè ti dé.' Tí mo bá fẹ́ wẹ̀ wọ́n, wọ́n á fi èékánná ya mí lápá. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi jẹ oúnjẹ gbígbóná, torí ìgbà tí mo bá bu tèmi ni wọ́n máa ń ké. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo po ògì, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Wọ́n fi eyín di ṣíbí náà mú, wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ẹnu wọn dẹ̀, ṣíbí náà bọ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti parí."

"Ṣíjú..."

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán. Mi ò ké. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ògì ṣì kù nínú abọ́, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Mo mú ṣíbí nílẹ̀, mo jókòó ti òkú Ìyá, mo sì mu ún tán. Ó gbóná. Ó dùn."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn wọn kí ṣíbí náà tó bọ́, mo sì fẹ́ràn wọn nígbà tí mo ń mu ògì náà. Ohun tí orin àkọ́kọ́ yẹn ń sọ nìyẹn. Tí mo bá jẹ́ kí èyí tó dùn yìí jáde, tí mo fi gbọ́ ọ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i, mi ò ní rántí mọ́. Ìyá tó rẹ́rìn-ín nìkan ló máa kù sí mi lọ́wọ́. Èyí tí mo tọ́jú á dàwátì."

Akínkúgbé wo ilẹ̀ títí. "O ò pè mí," ó ní.

"Mo pè yín. Ẹ ní ẹ wà ní ìpàdé."

"Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn."

"Ìgbà mọ́kànlá ni, Bùọ̀dá."

Ọkùnrin náà fa ìwé ẹ̀rí yẹn mọ́ra. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Tọ́míwá mú ìka rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Àtàǹpàkò Akínkúgbé lọ sórí yíǹkì, ó dúró lókè rẹ̀, kò kàn án.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ó ní. "Gbogbo ohun tó o sọ, mo gbà á gbọ́, ojú sì ń tì mí. Ká ní àná lo gbé ìwé yìí wá bá mi, tí kò sí ọ̀rọ̀ ìtura níbẹ̀, mi ò ní kà á rárá kí n tó tẹ̀ ẹ́. Màá ní mo wà níbẹ̀, màá ní ojú mi ló ṣe. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ ọ́ kiri nìyẹn." Ó ti ìwé náà padà sáàárín tábìlì. "Àmọ́ ohun tí ojú mi rí ni wọ́n ní kí n jẹ́rìí sí. Ojú mi ò rí nǹkan kan, Ṣíjú. Mi ò sí níbẹ̀."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ṣíjúadé mọ̀ pé bí òun bá kúnlẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n òun yóò tẹ̀ ẹ́. Irọ́ kan péré ló kù, ẹni tó ti pa á fún ọdún mẹ́ta ò ní kú nítorí ọ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ń retí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yìí. Inú bí i pé ó wá jẹ́ òní ni, pé iṣẹ́ òun ló máa gbà lọ. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Kò mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, kò sì béèrè ẹ̀gbà láti mọ̀.

"Tọ́míwá, gbé orin àkọ́kọ́ padà síbẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé nítorí fíìmù mi..."

"Gbé e padà, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà gbé e padà. Ó ń sunkún nígbà tó ń ṣe é.

"Mà," ni Jẹ́gẹ́dẹ́ wí, "ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ á ní kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ ògì yẹn níwájú wọn."

"Màá sọ ọ́. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tó ti wà lórí dùùrù fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì dùn ún wọra. Kò fi pa mọ́, ó jẹ́ kí omi ojú rẹ̀ máa ṣàn níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ di apá rẹ̀ mú, kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó gbé ọwọ́ náà lé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ṣíjúadé ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé atorin, ó sì tẹ̀ ẹ́ le, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò hàn.